Jíìpù Dé, Ìwọ Kò Sí Nínú Rẹ̀

Abúlé wa lẹ́bàá Adja-Ouèrè,
Oṣù Kẹfà, 1966

Rogatien, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ o, mo kí ilé, mo kí iṣẹ́, mo kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń gbé ní Kútọnu. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí òjò ọdún yìí gbé ilé wa lọ kò ní jẹ́ kí ohunkóhun gbà ọ́ lọ́wọ́ wa. Ìyá rẹ kí ọ, Marcellin àbúrò rẹ kí ọ, Félicité ìyàwó rẹ̀ kí ọ, ibà ló kàn ń ṣe é díẹ̀díẹ̀, ó sì ti ń lọ. Àgbàdo ti gbó, ewúrẹ́ ìyá rẹ ti bímọ, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà kò sì níbi tí yóò sùn sí àfi orí ohun tí o fi ránṣẹ́ sí wa. Ohun náà gan-an ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé yìí, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti rú mi lójú.

Jíìpù rẹ dé, a dúpẹ́. Ìgbà tí a gbọ́ ìró rẹ̀ nínú ilẹ̀ dúdú, gbogbo wa jáde. Òjò ti rọ̀ láti àárọ̀, o sì mọ bí ilẹ̀ dúdú wa ṣe máa ń rí bó bá ti mu omi yó, tí bàtà kì í bá ẹsẹ̀ jáde mọ́. Ìyá rẹ ti bu omi sínú abọ́ ńlá, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà, bó ti máa ń ṣe nígbà tí o bá ń ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀, kí o lè fọ ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ kí o tó wọlé. Kí ni à bá tún rò? Láti ọdún tí wọ́n ta àsíá òmìnira ni o kò ti wá mọ́, gbogbo ìwé tí o ń kọ ni o sì fi ń sọ pé ẹrẹ̀ ni kò jẹ́. Ọkọ̀ dúró, Fábíyì tó wà á sọ̀kalẹ̀, a wo iwájú, a ṣí ẹ̀yìn, ìyá rẹ tilẹ̀ gbé aṣọ tí wọ́n fi bo ẹrù sókè, ó wo abẹ́ rẹ̀. Fábíyì ní ìwọ lo ní kí òun mú un wá fún wa, pé nítorí ẹrẹ̀ tí kì í jẹ́ kí o wá ni o ṣe ra ọkọ̀ tí ẹrẹ̀ kò lè dá dúró. A pàtẹ́wọ́. Ìyá rẹ ò pàtẹ́wọ́, ó dúró ti abọ́ omi rẹ̀, ó ṣe díẹ̀, ó gbé e lọ bá ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọ ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀. Mo bi í pé kí ló ń ṣe. Ó ní ẹsẹ̀ tó wá náà nìyẹn.

Fábíyì wá bẹ̀rẹ̀ àlàyé, ibẹ̀ ni ìdààmú tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní ọ̀pá ńlá kan wà nínú ọkọ̀, ọ̀pá kékeré olórí pupa kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní lójoojúmọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń ṣiṣẹ́, pé ti iwájú kàn ń yí lọ ni, àfi bí ènìyàn bá ti ọ̀pá pupa kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó jọ fà á. Rogatien, inú bí mi. Bí a bá ń ṣe àáró lóko, tí a rí ẹni méjì tó ń rìn níwájú láìgbé ọkọ́, ṣé a ó kàn máa wò wọ́n ni? Mo ní kó ti ọ̀pá náà síbẹ̀ títí ayé kí gbogbo wọn máa ṣiṣẹ́. Ó ní rárá, pé bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jọ ń fà lórí ilẹ̀ gbígbẹ tó le, nǹkan yóò ṣẹ́ nínú ọkọ̀. Ìyẹn ni pé ibi tí iṣẹ́ bá ti rọrùn ni agbára ti ń pa á lára, ibi tó bá ti nira ni agbára ti ń bá a lára mu. Mo mi orí bí ẹni tó gbọ́, n kò gbọ́. Mo tún bi í nípa ẹsẹ̀ karùn-ún tí wọ́n dè mọ́ ọn lórí, pé ọjọ́ wo ni ìyẹn máa ń sọ̀kalẹ̀. Ó ní ọjọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn yòókù bá bẹ́. Mo ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó ríṣẹ́.

Kí ó tó padà, ó fi òfin méjì lélẹ̀ fún Marcellin, nítorí òun ló ti wa ọkọ̀ akẹ́rù díẹ̀ rí ní Pobè. Ó ní kó máa ṣáná sí ọkọ̀ láràárọ̀, bí kò tilẹ̀ ní lọ síbì kankan, kí bàtìrì má baà kú. Ó tún ní bó bá ti wọ inú ẹrẹ̀, kó má ṣe dúró, ohun yòówù kó rí, títí yóò fi dé ilẹ̀ gbígbẹ. Ti bàtìrì, a ń ṣe é. Láràárọ̀ ni ọkọ̀ rẹ ń bú ramúramù lábẹ́ igi máńgòrò. Kùdírátù aládùúgbò wa gbọ́ ọ, ó gbé gààrí rẹ̀ jáde, ó ní òun ń bá wa lọ sí ọjà Pobè. A ní a ò lọ síbì kankan. Lọ́jọ́ kejì ó tún gbé e jáde. Ní báyìí ó ti gbà pé a kàn kórìíra òun ni, èmi náà ò sì mọ ohun tí mo lè sọ fún un, nítorí n kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń gbé omi kaná láràárọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í fi wẹ̀. Ẹsáǹsì, epo inú rẹ̀, sì ń lọ.

Òfin ti ẹrẹ̀ ló wá kó bá wa. Lọ́jọ́ kan tí òjò dá díẹ̀, a fi ọkọ̀ lọ kó gbágùúdá ní oko wa tó wà lọ́nà Massè. Mo jókòó níwájú, mo dé fìlà mi. Mo ti kìlọ̀ fún Marcellin kó má fọwọ́ kan ọ̀pá pupa, kí a fi agbára ẹsẹ̀ iwájú pamọ́ de ọjọ́ tó bá nira. Àlọ dára. Nígbà tí a ń fi ẹrù bọ̀, àárín ilẹ̀ dúdú gan-an ni a bá àna wa Oyèbánjí, bàbá Félicité, tó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti Tatonnonkon, tó ká ṣòkòtò kọjá orúnkún, tó gbé bàtà lọ́wọ́. Wọ́n ti sọ fún un pé ibà ń ṣe ọmọ rẹ̀, ló fi ń bọ̀ wá wò ó.

Ìwọ náà sọ fún mi, kí ni kí a ṣe? Fábíyì ní kí a má dúró. Ṣùgbọ́n ṣé Fábíyì ló fi ọmọ fún wa ni? Ṣé kí ọkọ ọmọ kọjá lára àna rẹ̀ fìrì, kó tún fi ẹrẹ̀ wọ́n ọn lójú? Mo ní kí Marcellin dúró. Ó wò mí, ó dúró, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀ bó ti yẹ, àyà rẹ̀ dúdú, irùngbọ̀n rẹ̀ dúdú. Inú mi dùn sí i. Èmi náà sọ̀kalẹ̀, a kí ara wa, a béèrè ilé, a béèrè oko, a béèrè àwọn ọmọ, a ò sì tíì parí ìkíni tí ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Ó rọra ń lọ sílẹ̀ bí àgbàlagbà tó ń jókòó sórí àpótí, títí ó fi fi ikùn lélẹ̀.

Marcellin ṣáná, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń yí lójú kan, ti iwájú ń wò wọ́n. Àwọn tó ń ṣe àáró lóko tó wà nítòsí gbé ọkọ́ wá, wọ́n gbẹ́ ẹrẹ̀, wọ́n gé imọ̀ ọ̀pẹ sábẹ́ táyà. Àna wa náà bọ́ ẹ̀wù, ó ń bá wọn tì í. Ojú tì mí. Ènìyàn ń bọ̀ wá wo ọmọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá, a sọ ọ́ di alágbàṣe sójú ọ̀nà. Ìgbà náà ni Marcellin bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun ti ọ̀pá pupa, pé bí tòní ò bá nira, èwo ló tún kù. Mo gbà. Ó tì í, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ fà, ọkọ̀ bọ́ sókè, gbogbo ènìyàn hó. Ó sì ń lọ. Mo juwọ́ sí i kó dúró gbé wa, kò dúró. Mo fi orúkọ ìrìbọmi rẹ̀ pè é, mo fi tilé pè é, kò dúró. Òfin Fábíyì ló wá rántí wàyí, ó di orí ilẹ̀ gbígbẹ kó tó dúró, bí èmi àti àna wa ṣe ń fẹsẹ̀ rìn nínú ẹrẹ̀ nìyẹn, lẹ́yìn ọkọ̀ tí o fi ránṣẹ́ kí n má baà fẹsẹ̀ rìn nínú ẹrẹ̀.

Ibi tí a ti ń rìn ni àna wa ti bi mí pé ta ló ni ọkọ̀. Mo ní Rogatien ọmọ mi ni, tó wà ní Kútọnu, pé ẹrẹ̀ ni kì í jẹ́ kó wá, ló fi ra èyí tí kò bẹ̀rù ẹrẹ̀ ránṣẹ́. Ó rìn díẹ̀. Ó ní ta ló wá wà á dé ibí. Mo ní Fábíyì ni. Ó tún rìn díẹ̀, ó ní ṣé àyè kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fábíyì ni. Mo ní àyè wà, pé bẹ́ǹṣì tilẹ̀ tún wà lẹ́yìn. Ó gbé bàtà rẹ̀ sí ọwọ́ kejì. A délé, ìyá rẹ fún un lómi, ó fọ ẹsẹ̀, ó wọlé tọ Félicité, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án níwájú orí, ó jókòó tì í títí ó fi jẹ ẹ̀kọ. Lẹ́yìn náà ó ní òun ń lọ. A ní kí Marcellin fi ọkọ̀ gbé e, ó ní kí a má ṣèyọnu, pé òun ti rí ọmọ òun. Ó tún gba inú ẹrẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó. Bó bá jẹ́ ẹrẹ̀ ni, ọkọ̀ rẹ gba inú rẹ̀ wá. Bó bá jẹ́ àyè ni, àyè wà. Bó bá jẹ́ pé ọ̀nà kò ṣeé fẹsẹ̀ rìn ni, àna wa jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ẹsẹ̀ ló fi rìn ín. Mo tò ó síhìn-ín, mo tò ó sọ́hùn-ún, kò tò. Bóyá ọ̀pá mìíràn kan ṣì wà tí Fábíyì gbàgbé láti fi hàn wá, èyí tí wọ́n máa ń tì kí ẹni tó ni ọkọ̀ tó lè wọ inú rẹ̀. N kò bá ọ jà o, ọmọ mi. Àárò rẹ ló ń sọ ìyá rẹ, ó sì ń sọ èmi náà.

Nísinsìnyí, ẹsáǹsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, bàtìrì ń kú lọ, aṣọ tí Marcellin fi dọ̀bálẹ̀ kò mọ́ mọ́. Jọ̀wọ́, wá owó díẹ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n má fi rán Fábíyì, má fi rán ẹnì kankan, ọwọ́ rẹ ni kí o fi gbé e wá. Dá ọjọ́ fún wa, Marcellin yóò wá pàdé rẹ ní Pobè. Yóò ti ọ̀pá pupa láti ibẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ dúdú, kò sì ní dúró. Mo ti sọ fún un pé bó bá bá àna wa lọ́nà, kó juwọ́ sí i, kó máa lọ, èmi yóò lọ tọrọ àforíjì fúnra mi, pé bó tilẹ̀ jẹ́ èmi gan-an ló bá nínú ẹrẹ̀ náà, kó gbé ọmọ mi kọjá lára mi, kó má dúró.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ àlọ rẹ, yóò ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́. Ọ̀nà ilé kò ní dí mọ́ ọ.

Ìyá rẹ ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ò fọ ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́. Láràárọ̀, bí a bá ti ṣáná sí jíìpù, ló ń bu omi tuntun sínú abọ́ náà, tó ń gbé e sẹ́nu ọ̀nà.

Èmi ni bàbá rẹ,
Zacharie Ṣàngóbíyì