Ó Gbọ́wọ́ Sókè, Kò Lù Mí

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ fi orúkọ mi pamọ́. Ìyá ọmọ ni mí ní àdúgbò Bruma, ó ti rẹ̀ mí.

Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, máa ń lù mí bí inú bá ń bí i. Dókítà tó ń tọ́jú ìrònú ọmọdé ní kí èmi àti bàbá rẹ̀ jọ máa mú un wá. Ọkọ mi ní, "Ṣé orí tèmi ló dàrú ni?" Oṣù kẹrin rèé tí èmi nìkan ń lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ yìí. Ó gbọ́wọ́ sókè, ó dúró, ó ní, "Mummy, please, go out." Mo jáde. Kò lù mí.

Síbẹ̀, ọkọ mi fẹ́ mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá òun ní Iléṣà. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n gbà, àbí kí n ta kú?