Àárín Orin Méjì ní Gbọ̀ngàn Adébọ̀dé

Ọjọ́rú, 14 oṣù Karùn-ún
Wọ́n fún mi ní kámẹ́rà kẹta. Èmi, tó jẹ́ pé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo ti kúrò l'Ọ́fà wá kàwé, "ẹ káàárọ̀" àti "ó wà o" sí kọ́ńdọ́kítọ̀ nìkan ni mò ń sọ ní gbogbo Bàrígà. Ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan, Ẹ̀fúùfù Ọ̀sà, fẹ́ ṣeré ní Gbọ̀ngàn Adébọ̀dé ní Fọlá Agoro — ilé eré àtijọ́, ibi táwọn àgbà ti ń wo fíìmù Íńdíà nígbà èwe wọn. Àǹtí Ìbíyẹmí, ọ̀gá àwọn oníkámẹ́rà, ló máa ya fíìmù rẹ̀. Ojú Àwòdì ni mò ń pè é níbí; kì í ṣẹ́jú. Ó ní tí tèmi bá dáa, òun á mú mi sínú àwọn òṣìṣẹ́ òun. Tí kò bá dáa ńkọ́? Kò sọ.

Ọjọ́bọ̀, 15
Inú mi dùn débi pé gàrí wú nínú abọ́, mi ò rántí jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 16
A dán ẹ̀rọ wò. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni tèmi. Ẹyẹlé ló ń gbé inú òrùlé — Mahmood, onílù ẹgbẹ́ náà, lu ìlù lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wọn fò jáde. Raphael, oníkámẹ́rà kejì, fi téèpù dúdú bo iná pupa tó ń fi hàn pé kámẹ́rà mi ń yàwòrán, kó má baà tàn sójú èrò. Ó ní, káàdì mi kéré, kò lè gba gbogbo eré. Orin bẹ̀rẹ̀, kí n tẹ bọ́tìnì, orin parí, kí n tún un tẹ̀ kó dúró. "Ṣé ìwọ kì í sọ̀rọ̀ ni?" Mo mi orí. "Ó dáa, má sọ̀rọ̀. Ṣáà máa tẹ̀ ẹ́."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17
Etí mi ṣì ń hó. Aago mẹ́rin ọ̀sán ni eré bẹ̀rẹ̀. Mo kánjú, mo ti tẹ bọ́tìnì kí wọ́n tó jáde sórí ìtàgé. Sabina, akọrin wọn, figbe orin ta — mo tẹ̀ ẹ́. Pákó abẹ́ ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Orin mọ́kànlá. Gbogbo ilé dìde. Ọmọge kan bọ́ bàtà, ó ń fì í lókè.
Tí orin bá parí, tí mo bá tẹ̀ ẹ́ tán, mo máa ń fi kámẹ́rà wo ojú èèyàn bí ẹni tó ń yọjú lójú fèrèsé. Mahmood ń fi aṣọ di àtàǹpàkò tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Sabina kọjú sí ògiri, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bàbá kan lẹ́yìn òpó, ó ń fi fìlà nu ojú. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mò ń wo òun. Mi ò dá wà rárá lónìí.

Ọjọ́ Àìkú, 18
Mo wo ohun tó wà nínú káàdì láàárọ̀ yìí: òdì ni mo tẹ̀ ẹ́. Títẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn ló tan kámẹ́rà. Nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀, ṣe ni mo pa á. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a lọ dópin. Mi ò ní orin kan ṣoṣo. Àárín orin nìkan ló wà níbẹ̀.
Mo pe Raphael. Ó ní, "Sọ pé káàdì ló bàjẹ́. Ta ló máa mọ̀?"

Ọjọ́ Ajé, 19
Mo sọ òótọ́. Ní ọ́fíìsì wọn ní Ṣómólú, lójú gbogbo wọn: "Ẹ má bínú, mà. Káàdì ò bàjẹ́. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ sódì."
Ojú Àwòdì ò ṣẹ́jú. Ó fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó ní kí n jókòó kí n fi hàn án. A wò ó. Ó kan bàbá ẹ̀yìn òpó.
"Dá a dúró." Ó pe Mahmood, tó wá wo fíìmù wọn, wọlé láti ìta. "Wá wo ẹni tó ní òun ò ní tẹsẹ̀ síbi ariwo yín."
Mahmood bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ẹ̀rọ. "Bàbá mi nìyẹn." Ó ní kí n dá a padà sẹ́yìn, kóun tún un wò. Mo dá a padà. Ó tún ní kí n dá a padà.
Àǹtí Ìbíyẹmí bi mí kí ló kù. Mo ní ó ku àárín orin mẹ́jọ. Ó ní kí Raphael ti ilẹ̀kùn, ká wo ìyókù.
Kò sẹ́ni tó ní kí n dìde lórí àga náà.