Bẹ́líìtì Mọ́tò Bàbá Jẹ́jẹ́

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà

Òjò ọ̀sẹ̀ tó kọjá ti dá. Aṣọ gbogbo ìlú ló kó ẹrẹ̀, èmi alágbàfọ̀ ni wọ́n wá ń kó o fún. Aṣọ dé òrùlé ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n mi náà gbé sòkòtò funfun wọn wá. Ẹrẹ̀ dé itan. Lókè ẹrẹ̀ ọ̀hún, ìlà pupa kan yí ẹsẹ̀ méjèèjì po, bíi pé wọ́n fi rúlà fà á. Wọ́n ní àwọn ṣubú sí gọ́tà ni. Mo ní ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹrẹ̀ lọ, ìlà pupa ò lọ. Mo lo ọṣẹ, mo lo kẹrosíìnì. Ó jókòó pa síbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Òtẹ́ẹ̀lì gbà. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì yàrá ogójì, láti ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀. Àmọ́ mọ́tò ara mi ni mo gbọ́dọ̀ máa fi wá kó o. Ọ̀gá wọn ní òun ò fẹ́ rí ẹrù aṣọ lórí alùpùpù. Tí mi ò bá ní mọ́tò, kí n gbàgbé ẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń tọ́jú owó mọ́tò, látìgbà tí èjìká ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Ó tó wàyí. Tòkunbọ̀ ni o, kì í ṣe tuntun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Ẹ̀gbọ́n mi ní Bàbá Jẹ́jẹ́ fẹ́ ta mọ́tò wọn. Ọ̀rẹ́ olóògbé bàbá wa ni wọ́n. Èmi ni mo sọ wọ́n lórúkọ yẹn ní kékeré, torí wọn kì í sọ̀rọ̀ sókè. Tí wọ́n bá ń bínú gan-an, àfi kéèyàn tẹ́tí kó tó gbọ́. Màmá ní ọwọ́ ẹni téèyàn mọ̀ ló dáa kéèyàn ti ra nǹkan. Inú mi dùn débi pé mo fi áyọ́ọ̀nù jó kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Mo lọ wo mọ́tò. Ara ẹ̀ ń dán. Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn — imú mi gbọ́ nǹkan. Lọ́fínńdà, ó pọ̀ ju ti ìyàwó tuntun lọ. Lábẹ́ ẹ̀, òórùn aṣọ tí wọ́n ká sílẹ̀ ní tútù. Ogún ọdún ni mo ti fi ń gbọ́ òórùn yẹn, kò sí lọ́fínńdà tó lè bò ó fún mi.

Mo fẹ́ gbé kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ sókè. Bàbá Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọmọ mi, ẹ̀yìn mi yìí ni mo fi pọ̀n ẹ́ rí, ṣé o wá fẹ́ tú mi lápò wò ni? Ẹ̀gbọ́n mi ranjú mọ́ mi. Mo fi kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Mo tún kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ara mi ń kó mi nírìíra.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Òórùn yẹn ò kúrò nímú mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Mo ní màá mú mẹkáníìkì dání. Àfi bíi pé mo ní màá mú ọlọ́pàá. Ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní ẹni tó dúró ti òkú bàbá wa dé ẹnu ibojì, òun lo fẹ́ yẹ̀ wò bí olè? Màmá pè mí lórí fóònù, wọ́n ní ojú ń ti àwọn, àwọn ò kọ́ mi báyìí. Ọ̀wọ̀, ọ̀wọ̀, ọ̀wọ̀. Ó ti sú mi. Ó jọ pé ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń tà, mọ́tò ni wọ́n fi ṣe èènì.

Mẹkáníìkì gan-an ò fẹ́ lọ. Ó ní òun kì í yẹ mọ́tò àgbàlagbà wò níṣojú ẹ̀, ìjà ló máa ń dà. Àmọ́ ó kọ́ mi. Ó ní tí wọn ò bá jẹ́ kẹ́ ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì, ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde, ẹ fà á tán pátápátá dé ìdí. Àwọn tó ń fọ mọ́tò tómi ti wọ̀ kì í rántí ibẹ̀. Kò sì sí àgbàlagbà tó máa sọ pé ẹ rí òun fín torí ẹ de bẹ́líìtì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

A wà nínú mọ́tò, báàgì owó wà lórí itan mi. Bàbá Jẹ́jẹ́ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́yìn. Mo ní ẹ jẹ́ kí n de bẹ́líìtì wò. Wọ́n yìn mí, pé ọmọ tó mọ òfin ni mí. Mo fà á. Ó mọ́. Mo tún fà á. Ó mọ́. Mo fà á dé ìdí — ẹrẹ̀ gbígbẹ. Lókè ẹrẹ̀ náà, ìlà pupa. Bíi pé wọ́n fi rúlà fà á.

Sòkòtò.

 Mo jẹ́ kó ká padà wọlé. Mo ní orí ń fọ́ mi, mo gbé báàgì mi, mo sọ̀ kalẹ̀. Bàbá Jẹ́jẹ́ ní, jẹ́jẹ́, pé àwọn méjì míì ti ń béèrè mọ́tò náà o, ọmọ mi. 

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo gbé sòkòtò lọ bá Màmá. Mo ní gọ́tà wo ni ẹ̀gbọ́n mi ṣubú sí? Bọ́tìnnì ni wọ́n ń rán, wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní gọ́tà bíi ti báwo? Ṣebí ẹ̀gbọ́n ẹ náà wà lára àwọn tó fi okùn fa mọ́tò Bàbá Jẹ́jẹ́ jáde nínú omi, lẹ́yìn ilé ìtajà ọ̀dà, níbi tí omi ti gbé ọ̀dà pupa káàkiri. Omi dé ojú fèrèsé mọ́tò.

Ìgbà yẹn ni wọ́n rí ojú mi. Abẹ́rẹ́ dúró. Wọ́n ní àwọn ò sọ fún mi torí mo máa ń ro nǹkan jù. Pé wọ́n ti sá mọ́tò náà sóòrùn dáadáa. Pé Bàbá Jẹ́jẹ́ ti ṣèlérí nǹkan fún ẹ̀gbọ́n mi tó bá bá wọn tà á, ṣé mi ò fẹ́ kí nǹkan bọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ ni?

Màmá mọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní ojú ń ti àwọn, wọ́n ti mọ̀. Wọ́n bu omi fún mi, mo gbé e sílẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ẹ̀gbọ́n mi wá gba sòkòtò. Mo ti lọ̀ ọ́, mo ká a kí ìlà pupa lè wà lókè. Wọ́n ní ìlà yìí ò lọ síbẹ̀? Mo ní kò lọ, irú ẹ̀ wà lára bẹ́líìtì mọ́tò, tẹ́ ẹ bá ń lọ sọ fún Bàbá Jẹ́jẹ́ pé mi ò rà á mọ́, ẹ wọ̀ ọ́ lọ. Wọ́n gba sòkòtò lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní mo fẹ́ tú ilé ká. Wọn ò sọ pé irọ́ ni.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí òtẹ́ẹ̀lì bẹ̀rẹ̀. Màá wá mọ́tò míì. Mẹkáníìkì á tẹ̀ lé mi, á gbé kápẹ́ẹ̀tì, á fa bẹ́líìtì dé ìdí, ì báà ṣe Màmá fúnra wọn ló ń tà á.