Iṣu Bàbá Rẹ Tí Fóònù Rí Láti Òkè

Kitti, Erékùṣù Pohnpei

Mersihna ọmọ mi,

Bí ìwé yìí bá bá ọ lórí ìdúró, wá ibì kan jókòó sí kí o tó kà á. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ooru ilé tí ẹ ti ń fọ aṣọ hòtẹ́ẹ̀lì, mo kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Ọlọ́run tó mú ọ gun bàálù tí kò jẹ́ kó já sínú òkun, kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yẹ̀ ní Honolulu. Ara mi le. Orúnkún mi ọ̀tún ṣì máa ń sọ̀rọ̀ tí òjò bá fẹ́ rọ̀, ìyẹn ni pé ojoojúmọ́ ló ń sọ̀rọ̀. Abo ẹlẹ́dẹ̀ bí ọmọ mẹ́jọ, ó sùn lé ọ̀kan lórí, ó ku méje.

Wàá ní kí ló dé tí mo ń kọ ìwé nígbà tí o ti ra fóònù fún mi. Fóònù náà wà lálàáfíà. Mo fi aṣọ wé e, mo gbé e sínú ìkòkò, mo dé e. Wàá mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Fadá tó ń bọ̀ ní Honolulu lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni mo fi lẹ́tà yìí rán, mo sì lẹ̀ ẹ́ pa nígbà mẹ́ta, nítorí ọ̀rọ̀ iṣu ló wà nínú rẹ̀.

O mọ bí ọ̀rọ̀ iṣu ṣe rí lọ́dọ̀ wa. O jẹ ìgbátí lọ́wọ́ mi nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, lọ́jọ́ tí o na ìka sí ewé iṣu Yosuwa aládùúgbò wa, tí o ń pariwo pé Màmá, ẹ wò ó. A kì í wo iṣu oníṣu. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi bá bàbá rẹ gbé, ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ ṣòkòtò wọn nìkan ni mo mọ̀ nínú oko wọn. Wọ́n á jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á wọlé nígbà tí mo bá ń dáná, màá fọ ẹrẹ̀ náà, n kò ní bi wọ́n ní ohun kan.

Nígbà tí àìsàn yẹn kọ lù wọ́n lójijì, tí ẹnu wọn wọ́ sápá kan, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní ohun kékeré kan wà nílẹ̀ tí àwọn gbìn lọ́dún tí o kúrò nílé, ti Nahnmwarki ọba wa ni. Ohun kékeré! Ìwọ náà mọ̀ pé ọkùnrin ilẹ̀ yìí tó bá ní iṣu òun kéré, ẹ lọ wá ọ̀pá tí ẹ máa fi gbé e. Mo ní kí wọ́n sinmi. N kò béèrè ibi tó wà. Ta ló ń bi ẹni tó ń kú lọ pé iṣu rẹ̀ dà? Bí wọ́n ṣe lọ nìyẹn, tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ.

Láti ọjọ́ tí a ti sin wọ́n ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. Nígbà tí ọdún kan bá pé, a máa sè fún wọn, ọba á wá, wọ́n á pe orúkọ bàbá rẹ, nígbà náà ló yẹ kí iṣu wọn wọlé. Bí kò bá sí iṣu, orúkọ ẹni tó kú láì ní nǹkan nílẹ̀ ni wọ́n pè yẹn. Àwọn kan tilẹ̀ ti ń sọ ọ́ nírọ̀lẹ́, níbi tí wọ́n ti ń gún gbòǹgbò sakau mu bí ọtí, wọ́n ní Pernardo tó ń jí ní kùtùkùtù fún ọgbọ̀n ọdún, bóyá oorun ló ń lọ sùn nínú igbó. Mo gbọ́ ọ, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Itákùn iṣu sì ti ń pọ́n. Tó bá gbẹ tó já, kò sẹ́ni tó máa mọ ibi tí iṣu wà mọ́ títí tó fi máa jẹrà.

Èmi àti Pehdro àbúrò bàbá rẹ wá a, ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń wá iṣu láì wo iṣu? Bí a bá ṣèèṣì rí ti ẹlòmíràn ńkọ́? Pehdro fa fìlà bojú kó tó wọ inú igbó, ó sì fi orí gbá igi. Ó dé ilé pẹ̀lú kókó níwájú orí, ó ní ẹ̀gbọ́n òun gbọ́n jù, ó ní ẹni tó fi nǹkan pamọ́ fún ará ìta tí kò ṣẹ́ kù fún ará ilé, kó wá jí dìde wá bá wa wá a. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́kún.

Bí a ṣe wà nìyẹn nígbà tí ọmọbìnrin kan dé láti Kolonia, láti iléeṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba. Karmihna ni orúkọ rẹ̀. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó kí wa bí ọmọ tí wọ́n kọ́, mo fún un ní omi àgbọn. Ó wá yọ fọ́ọ̀mù, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ bi mí, lójú Pehdro, pé iṣu mélòó la ní, ibo la gbìn ín sí, báwo ló ṣe tóbi tó. Mersihna! Ní ìbéèrè àkọ́kọ́ mo rò pé oòrùn ló pa á. Ní ìkejì mo wo ọ̀nà bóyá ẹnì kan ń kọjá. Ní ìkẹta Pehdro dìde, ó lọ dúró sí ẹ̀yìn ilé lọ́dọ̀ ẹlẹ́dẹ̀, ó ń pariwo láti ibẹ̀ pé ṣé kò sí àgbàlagbà nílé ọmọ yìí ni, pé kó kúkú bi òun ní àwọ̀ pátá òun kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún ìjọba. Ọmọ náà ní kí a má bínú, òun kọ́ ló kọ ìbéèrè náà, ìyá tó bí òun pàápàá ti lé òun jáde nítorí rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní kó kọ ọ́ pé iṣu wa kò pọ̀, wọ́n kéré, inú ilẹ̀ ni wọ́n wà. Ó kọ ọ́.

Ó wá ní níwọ̀n bí mo ti ní fóònù, kí n gbé e wá kí òun fi ààlà ilẹ̀ wa hàn mí, a kò ní gbé ẹsẹ̀ kúrò nílé. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sí mi lójú. Ọmọ mi, mo rí òrùlé wa. Láti òkè! Bí ẹyẹ ṣe ń rí i! Mo rí páànù tí a fi òkúta tẹ̀, mo rí ilé ìdáná. Mo sáré jáde, mo gbójú sókè, n kò rí ẹnì kankan. Mo juwọ́ sí ojú ọ̀run, mo sì tún sáré wọlé láti wo ara mi nínú fóònù níbi tí mo ti ń juwọ́, n kò sí níbẹ̀. Mo ní ta ló ń wò wá? Ó ní ẹ̀rọ kan ni, ó ga ju ìkùukùu lọ, kò sí ẹni tí kò lè rí àwòrán náà, ará Japan, ará Amẹ́ríkà, ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti ní fóònù. Ẹnikẹ́ni! Gbogbo iṣu Kitti wà níta gbangba bí ẹni tó ń wẹ̀ lójú títì! Mo fi etí yẹ̀rì mi bo fóònù náà kíá. Ìdí tó fi wà nínú ìkòkò nìyẹn. Èmi kì í ṣe ẹni tí í yọjú sí oko ẹlòmíràn.

Pehdro tó bínú jáde ti wà lẹ́yìn mi. Ó ní kí n ká yẹ̀rì náà kúrò díẹ̀. Ó ní díẹ̀ ṣá ni o.

Nígbà tí mo ká a ni mo rí igi gbẹ̀rẹ̀fútù ẹ̀yìn ilé tó dúró ṣánṣán. Ìjì dá igi yẹn lulẹ̀ lọ́sẹ̀ kẹta tí a sin bàbá rẹ, a ti fi dáná tán. Mo ní ọmọ, igi yìí ti ṣubú o. Ó ní àwòrán náà ti tó ọdún méjì. Bàbá rẹ ṣì wà láyé nígbà yẹn. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó gbé e lọ sí etí omi, níbi tí ọkọ̀ bàbá rẹ máa ń gúnlẹ̀ sí. Ọkọ̀ náà wà níbẹ̀. Ohun funfun bíńtín kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ọmọ náà ní ó lè jẹ́ abọ́, ó lè jẹ́ òkúta. Mersihna, mo mọ fìlà bàbá rẹ. Mo kí wọn kú iṣẹ́. Pehdro ṣí fìlà tirẹ̀. Mo bi ọmọ náà bóyá wọ́n ń gbọ́ mi, ó ní rárá o, Màmá, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Nígbà tó kan ibi tí fọ́ọ̀mù ti ń béèrè olórí ilé, mo ní kó kọ Pernardo. Ó ní ẹni tó wà láàyè ni wọ́n ń fẹ́. Mo na ìka sí etí omi nínú fóònù. Kò jiyàn, ó kọ ọ́.

Pehdro ló rí i. Ó ti ń wo apá òkè, ìdí ilẹ̀ wa, níbi tí igbó ti ki, ó ní kí ni ihò yẹn. Àyè róbótó kan ló wà láàárín àwọn igi, bí ibi tí kòkòrò ti jẹ aṣọ. Ẹnì kan ló gé ẹ̀ka igi kí oòrùn lè kan ilẹ̀, nítorí ìjì kì í gé igi róbótó. Orí ilẹ̀ tiwa sì ni. Karmihna kọjú sí ògiri, ó ní òun kò rí nǹkan kan, òun kò tilẹ̀ wá síbí lónìí. Ọmọ gidi ni. Bí o bá ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ni, ǹ bá fẹ́ ẹ fún un.

A lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Itákùn rẹ̀ gun igi títí n kò fi rí òpin rẹ̀. Ọjọ́ méjì ni Pehdro àti àwọn ọmọ ìbátan fi wa ilẹ̀, wọ́n ń wà á, kò tán, Pehdro wọ inú kòtò náà títí tó fi ku fìlà nìkan, ó ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òpùrọ́, ó ní ohun kékeré, ohun kékeré, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọkùnrin mẹ́jọ ló gbé e.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló mú mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò ní koríko. Bàbá rẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún kan ní sàréè, ilẹ̀ oko wọn sì mọ́ bí ojúlé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Itákùn tó yẹ kó ti wó lulẹ̀, ẹnì kan ti tún un so mọ́ igi pẹ̀lú okùn àwọ̀n aláwọ̀ ewé, pẹ̀lú kókó tí apẹja ń ta lẹ́ẹ̀méjì. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń fi okùn yẹn hun àwọ̀n ládùúgbò wa.

Yosuwa! Yosuwa tó ń jókòó tì mí níbi sakau, tí mo ń sunkún sí létí pé ohun ọkọ mi ti sọnù, tó sì ń sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run mọ̀ ọ́n! Mo fẹ́ lọ gbọn ilẹ̀kùn rẹ̀ títí yóò fi yọ. Pehdro ló dì mí mú. Ó ní kí n rò ó wò, ẹnu wo ló máa fi sọ fún opó pé òun mọ ibi tí iṣu ọkọ rẹ̀ wà? Ó ti wò ó nìyẹn. Wọ́n á ní láti ìgbà wo ló ti ń ṣọ́ Pernardo. Kò lè sọ ọ́, kò sì lè jẹ́ kó bàjẹ́, ló bá ń ro ó, ó ń dúró dè wá. Mersihna, n kò lè lọ bá a jà mọ́. N kò sì lè lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ọpẹ́ mi máa sọ ọ́ di olè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá la ṣe ọdún náà. Nígbà tí iṣu wọlé, gbogbo ilé àsè dákẹ́, àfi ẹlẹ́dẹ̀. Ẹni tó sọ pé oorun ni bàbá rẹ ń lọ sùn nínú igbó ń wo ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ọba dìde lórí ìjókòó, Mersihna, ó dìde, ó ní kí wọ́n pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kejì. Láàárín ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo gbọ́ ohùn Yosuwa tó ju ti gbogbo èèyàn lọ, ó ní háà, ibo ni irú nǹkan báyìí wà tẹ́lẹ̀, ó ní òun kò rí irú èyí rí láyé òun! Mo wò ó lójú. Mo ní èmi náà kò rí irú rẹ̀ rí. A jọ purọ́ níwájú ọba. Nígbà tí wọ́n pín in, mo gbé ìpín rẹ̀ fún un fúnra mi, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbé e. Ó ní ó ti pọ̀ jù. Mo ní ó kéré.

Orí iṣu náà ni wọ́n dá padà fún wa. Pehdro ní òun á bá mi gbìn ín, mo ní kó má ṣèyọnu. Mo ti gbìn ín. Má bi mí ní ibi tí mo gbìn ín sí.

Jọ̀ọ́, bí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, bá mi fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kí n lè ra irin ìgbẹ́lẹ̀, tilé ti kúrú. Fi bàtà òjò sí i, èyí tó ga dé orúnkún. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní ibodè pé kí ni ìyá àgbà fẹ́ fi í ṣe, sọ fún wọn pé ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ẹrẹ̀. Nǹkan kan tún wà. Bá mi wá àwọn tó ni ẹ̀rọ òkè yẹn, wọn kò ní jìnnà sí ibi tí o wà. Bá mi bẹ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá fẹ́ tún ilẹ̀ wa yà, kí wọ́n yà á sórí òmíràn, kí wọ́n má nu èyí tí fìlà wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá gba owó, sọ iye rẹ̀ fún mi, màá ta nínú ọmọ ẹlẹ́dẹ̀.

Oúnjẹ kò ní wọ́n ọ nílẹ̀ àjèjì. Àwọn tí ẹ jọ ń gbé kò ní fi ọ́ ṣẹ̀sín. Ohun tí o bá gbìn níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó, Ọlọ́run yóò rán ẹni tó máa bá ọ ro ó tí ọwọ́ rẹ kò bá tó o mọ́, tí kò sì ní sọ ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Welihna