Obìnrin Tó So Kẹ̀kẹ́ Rẹ Mọ́lẹ̀ ní Marrakesh

Tuda ọmọ mi, ọmọ tí mo pọ̀n gun òkè kó tó di ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ já wálẹ̀ láti orí rẹ̀,

Mo kí ọ o. Ṣé àlàáfíà ni? Èjìká ńkọ́? Ṣé o ń rí oorun sùn, ṣé oúnjẹ ń lọ lọ́nà ọ̀fun? Ọlọ́run tó to eegun ènìyàn nínú ikùn ìyá rẹ̀ yóò bá wa tún tìrẹ tò, kò ní ku síbì kan. Àwa náà wà ńbí, alihamudu lilahi. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, orí òrùlé ló wà tó ń sá àsálà, ó sì ń bá àwọn ẹyẹ jà. Ewúrẹ́ dúdú ti bímọ. Akọ ni, irùngbọ̀n rẹ̀ sì dà bíi ti imaamu wa, kí Ọlọ́run foríjì mí.

Mo lè pè ọ́ lórí fóònù, àmọ́ o mọ̀ pé ẹ̀bá kànga nìkan ni fóònù ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ní abúlé yìí, Rabha ìyàwó alágbẹ̀dẹ sì ti sọ ẹ̀bá kànga di pálọ̀. Bí mo bá ní báwo ni, òun ló máa kọ́kọ́ dáhùn. Ohun tó wà níkùn mi kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀bá kànga. Ìyẹn ni mo ṣe mú bírò tí wọ́n fún wa ní kíláàsì àwọn ìyá, tí mo jókòó ti ẹnu àrò, tí mò ń kọ ọ́ fúnra mi. Bí o bá rí ibi tó ṣú, ọbẹ̀ ni.

Nígbà tí o ní o ṣubú lórí kẹ̀kẹ́, pé èjìká rẹ kọlu òkúta, eegun sì kán, kí ni mo sọ? Mo ní máa bọ̀ nílé. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni mo ti po ìyẹ̀fun bálì mọ́ ẹyin àti làálì tí a ó fi di èjìká rẹ, mo ti gbé bọ́tà tó ti pẹ́ nínú ìkòkò jáde, mo tẹ́ ibùsùn rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Ìwọ ní rárá, Yemma, ìyá mi, obìnrin kan wà níbí tí wọ́n ń pè ní Bahija, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa na apá àti ẹsẹ̀ ẹni tó fara pa, òun ló máa tọ́jú mi kí ọjọ́ ìdíje kẹ̀kẹ́ tó dé. O wá fi kún un pé ó mọ́wọ́.

Ó mọ́wọ́! Ó dáa. Ta ló fi òróró ólífì wọ́ apá yẹn nígbà tí ìwọ̀n rẹ̀ ò ju ìka mi lọ? Ta ló nà ọ́ síwájú, tó nà ọ́ sẹ́yìn, tó gbé ọ sókè di orí mú bí ọmọ ológbò, tí eegun rẹ fi le? Ìgbà yẹn, Bahija ò tíì mọ́wọ́.

Mo gbé e mì. Ṣùgbọ́n àwòrán tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù Haddu àbúrò mi ló bà mí nínú jẹ́. Mo fi ojú ara mi rí i. Kẹ̀kẹ́ rẹ wà nínú yàrá, irin ńlá kan gbá táyà ẹ̀yìn mú, wọ́n fi igi há táyà iwájú, ìwọ jókòó lé e lórí, ò ń làágùn bí ẹni tó ń gun òkè wa, bẹ́ẹ̀ o ò kúrò lójú kan. Obìnrin náà wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọmọ mi, ó ń fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín.

Tuda, ọmọ òkè ni ọ́, kò yẹ kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé. Bí àlejò bá wù wá tí a ò fẹ́ kó lọ, ṣebí ìbaaka rẹ̀ là ń so mọ́lẹ̀. Nígbà tí bàbá rẹ kọ́kọ́ gba iwájú ilé wa kọjá, iyọ̀ ló ń tà, kò bá ti ìyàwó wá. Ìyá mi wò ó, ó wò mí, ó lọ so ìbaaka ọkùnrin náà. Bàbá rẹ sùn, ilẹ̀ mọ́, ìbaaka ṣì wà níso. Nígbà tí wọ́n máa tú u, ọkùnrin ti di ọkọ mi. Èmi tí wọ́n fi ìbaaka síso fẹ́, ta ló fẹ́ wá sọ fún mi pé mi ò mọ ohun tí obìnrin yẹn ń ṣe?

Rabha yọjú wo fóònù láti ẹ̀yìn mi. Ó ní háà, Izza, wọ́n ti gbọmọ lọ́wọ́ ẹ o. Ó ní ará Marrakesh gbọ́n ṣá, ìbaaka tí kì í jẹ koríko ni wọ́n so, yóò pẹ́ níso. Mo ní kó lọ wo ìkòkò rẹ̀ tó ń jóná. Kò sí ìkòkò kankan lórí iná rẹ̀.

Mo jowú o. Mo ti sọ ọ́. Owú ọ̀hún jẹ mí débi pé iyọ̀ ni mo bù sínú tíì bàbá rẹ, ó sì mu ún tán, ó ní ó dùn, ẹ̀rù mi ló ń bà á. Mo wá pe Haddu, torí ó fẹ́ lọ ta àsálà ní Marrakesh. Mo kó ẹ̀mú tí bàbá rẹ fi ń yọ ìṣó pátákò ìbaaka lé e lọ́wọ́. Mo ní lọ sílé ìtọ́jú yẹn, má bá ẹnikẹ́ni jà, tú kẹ̀kẹ́ ọmọ mi, gbé kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn ọkọ̀, gbé ọmọ lé e.

Ọjọ́ ọjà ló padà dé. Kò mú ọmọ bọ̀, kò mú kẹ̀kẹ́ bọ̀, ẹ̀mú mi ò sì kan irin. Lọ́fíńdà òdòdó ọsàn ló ń ta sánsán lára rẹ̀! Ó ní obìnrin náà po tíì fún òun. Ó ní ó fún òun ní àkàrà òyìnbó tí wọ́n fi álímọ́ńdì ṣe, irú ẹ̀ ò sí. Mo ní kò sí níbo? Ó ní ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú.

Haddu ní wọn ò so kẹ̀kẹ́ kí ọmọ má bàa lọ. Ó ní èjìká ló ń sinmi, ẹsẹ̀ ò gbọdọ̀ sinmi, torí bí ẹsẹ̀ bá fi lè gbàgbé òkè, ìdíje ti bọ́ nìyẹn. Ó ní kẹ̀kẹ́ náà tún ní ojú kékeré kan tó máa ń sọ bó ṣe rìn jìnnà tó. Mo ní irọ́ gbuu. Kẹ̀kẹ́ tí kò jáde lẹ́nu ọ̀nà, ibo ló rìn dé? Ẹni tó bá rìn, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ léruku. Má jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn tàn ọ́.

Haddu wá ní ohun kan ṣì kù. Ó ní òun wà níbẹ̀ nígbà tí obìnrin náà gbá apá rẹ mú, tó ń gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Ó ní bí apá ṣe dọ́gba pẹ̀lú etí ni o figbe ta, o ní yéè, ìyá mi o! Obìnrin náà bi Haddu bóyá ó mọ ìyá yìí. Ó ní láti ọjọ́ tí ọmọ yìí ti dé ọ̀dọ̀ òun, òun ló ń fọwọ́ wọ́ ọ, òun ló ń fún ọ lóúnjẹ, kò sì sí ọjọ́ kan tí o ké Bahija. Ìyá rẹ ṣá lò ń ké pè. Ó ní ká sọ tòótọ́, owú ìyá yẹn ń jẹ òun.

Mo ní kí Haddu tún un sọ. Ó tún un sọ. Nígbà tí a jẹun alẹ́ tán, mo ní mi ò gbọ́ apá ìparí yẹn dáadáa. Nígbà tó di àárọ̀, mo mú un lọ sẹ́bàá kànga, mo ní kó sọ ọ́ sókè, etí ń dùn mí. Rabha gbọ́. Gbogbo wọn gbọ́.

Nítorí náà, Tuda, má tíì wálé. Jókòó lórí kẹ̀kẹ́ rẹ níbi tí wọ́n so ó sí, kí ẹsẹ̀ má gbàgbé wa. Ṣùgbọ́n sọ fún obìnrin yẹn pé àṣà kò parí síbi síso. Ẹni tó so ìbaaka àlejò, òun náà ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ tú u, òun ló ń sìn ín, òun ló ń fi okùn lé ará ilé àlejò náà lọ́wọ́. Kó tú kẹ̀kẹ́ náà fúnra rẹ̀. Kó tẹ̀ lé ọ wá síbi ìdíje, ìsàlẹ̀ abúlé wa náà kúkú ni wọ́n ní ẹ máa parí rẹ̀ sí. Èmi máa dúró lápá ọ̀tún òkúta funfun tó wà níbẹ̀, òun lè dúró lápá òsì. Bí o bá sọ̀ kalẹ̀ tán, ọ̀tún ni kí o kọ́kọ́ yà sí. Mi ò pàṣẹ o, mo kàn ń sọ ọ́ ni.

Jọ̀ọ́, bí ọwọ́ rẹ bá tẹ owó díẹ̀, fi ránṣẹ́ pẹ̀lú awakọ̀ ọjà. Gbogbo ife tíì wa ló ti ṣán lẹ́nu, èmi ò sì ní jẹ́ kí Bahija fi ife tó ṣán mu tíì nínú ilé mi kó wá lọ ròyìn wa. Jẹ́ kó pọ̀ tó kí n fi ra álímọ́ńdì kún un. Àkàrà òyìnbó tó ṣe fún Haddu, màá ṣe é, bọ́tà tèmi á sì ju tirẹ̀ lọ.

Kí òkúta rí ọ kó yà lọ́nà. Kí táyà rẹ má jìn sí kòtò, kí eegun rẹ so pọ̀ bí èyí tí kò kán rí, kí orúkọ rẹ má sọnù lẹ́nu àwọn tó máa pàtẹ́wọ́. Kí Ọlọ́run san oore fún gbogbo ọwọ́ tó ń tọ́jú ọ. Mo ní gbogbo wọn, mo ti ka tirẹ̀ mọ́ ọn.

Bó bá sì tún dùn ọ́ kí ọjọ́ náà tó dé, má ṣe ojú ayé, ọmọ mi. Pariwo. Pariwo dáadáa, kí obìnrin yẹn gbọ́ orúkọ mi.

Èmi ni ìyá rẹ,
Izza.