Ewéko Inú Akoto

Ìṣẹ́gun, 4 Òkudù 2019

Kí gbogbo ìlú Morgan City gbọ́: ewéko inú akoto ti kú. Ọdún mẹ́jọ ló lò nínú akoto idẹ tí bàbá àgbà fi ṣiṣẹ́ òmùwẹ̀, lórí fàráńdà wa. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo da kọfí sí i. Kò sẹ́ni tó rí mi.

Ilé ìkàwé fẹ́ pàtẹ akoto náà lọ́jọ́ Ajé. Èmi ni n ó kọ ìtàn tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Torí mo lọ polí.

Ọjọ́rú, 5

Ẹja Ńlá tún sọ ti Scotland. (Orúkọ yìí, àti "ó" tí mo ń pe bàbá àgbà, inú ìwé yìí ni kí wọ́n kú sí.) Ọdún 1977. Okùn rẹ̀ há sábẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Ó fọ̀bẹ gba ara rẹ̀ là. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje, omi náà jìn ní ogójì ẹsẹ̀ bàtà. Lónìí, igba. Ẹja àbùùbùtán kan tó gùn lẹ́yìn sì ti wọ ọ̀rọ̀ náà.

Lábẹ́ omi, okùn ni ẹnu. Ẹni òkè á fà á lẹ́ẹ̀kan: ṣé àlàáfíà ni? Òmùwẹ̀ á fà á padà lẹ́ẹ̀kan: àlàáfíà ni. Ẹ̀ẹ̀mẹrin: fà mí sókè.

Mo bi í ta ló di okùn tirẹ̀ mú. Ó ní kọfí òun ti tutù.

Ọjọ́bọ̀, 6

Kọfí kò tutù. Mo tọ́ ọ wò.

Ẹtì, 7

Màmá ń gé ilá sí ọbẹ̀ gọ́mbò, wọ́n bá tú àṣírí fún mi: Nolan Domangue ló di okùn náà mú. Nolan òdìkejì títì, tí òun àti bàbá àgbà kò kí ara wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti Scotland dé.

Mo lọ ká Ẹja Ńlá mọ́ ìdí àga rẹ̀.  Ó ní òun fa okùn lẹ́ẹ̀mẹrin, ṣùgbọ́n okùn há, wọn kò lè fa òun sókè. Nolan bẹ́ sómi tútù yẹn láìdé akoto, ó fọ̀bẹ tú òun sílẹ̀. Etí Nolan kan sì di títí dòní. Nígbà tí wọ́n délé, àwọn èèyàn bi wọ́n nílé ọtí bó ṣe jẹ́, òun sì ní òun nìkan ló gba ara òun là. Nolan jókòó síbẹ̀. Ó dìde, ó lọ.

"Irọ́ tó o bá fi ogójì ọdún bọ́, ọmọ mi, ó ti dọmọ ilé."

Mo ní kó lọ bẹ Nolan kó tó di ọjọ́ Ajé. Àyà ń fò ó. Ẹni tó gun àbùùbùtán.

Àìkú, 9

Ẹja Ńlá ré títì kọjá, akoto lọ́wọ́. Mo ń gbálẹ̀ fàráńdà tó ti mọ́.

Ó bẹ̀bẹ̀. Nolan ní kó pariwo sí i. Gbogbo àdúgbò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ náà. Nolan ní ìtàn ti ilé ọtí dùn ju èyí lọ, àbùùbùtán dà?

 Lẹ́yìn náà Nolan na ọwọ́, ó fa apá ẹ̀wù Ẹja Ńlá lẹ́ẹ̀kan.

Bàbá àgbà di ẹ̀wù Nolan mú. Kò fà á lẹ́ẹ̀kan. Mo kà á: ẹ̀ẹ̀mẹrin.

Nolan sì fà á wọlé.

Ajé, 10

Bàbá àgbà, O. Theriot gan-an, ló ní kí n kọ ọ́ báyìí. Mo ti lẹ̀ ẹ́.

ÌKÉDE
Akoto yìí jẹ́ ti N. Domangue, tó fi yá O. Theriot lò fún ọjọ́ kan péré, 1977. N. Domangue ló gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Jíjìn omi: ẹsẹ̀ bàtà méjìdínlógún. Àbùùbùtán: kò sí. Ewéko inú akoto nìkan ni ti O. Theriot. Ewéko náà ti kú.