Ọkọ Tí AI Kọ Sínú Project Mi

Ẹ̀yin tèmi lórí page yìí, mi ò lọ́kọ, mi ò sì bímọ. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, ẹnu mi ò gbà á...

Ọmọ Ìkìrun ni mí, ilé-iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Sango ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Ìjù ni mo ń gbé, èmi nìkan. Mo ń ṣe master's lọ́wọ́. Àwọn obìnrin tó ń ṣe shift ní factory ni project mi dá lé. Èmi fúnra mi ni mo bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi ni mo kọ ọ́... ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín, AI ló bá mi tún gírámà ẹ̀ ṣe dé ìparí. Bẹ́ẹ̀ mo ti tọwọ́ bọ fọ́ọ̀mù pé mi ò lo AI rárá. Ẹni tí wọ́n bá mú, á tún un bẹ̀rẹ̀ ni.

Ó wá ku acknowledgement, ojú ìwé ìdúpẹ́. Mo kọ Ọlọ́run, mo kọ supervisor... ọwọ́ mi dúró. Àwọn òbí mi ti kú, ẹ̀gbọ́n mi ò gbé fóònù mi mọ́ látìgbà tá a ti sin màámi. Ta ni mo tún fẹ́ kọ? Inú bí mi, mo ní kí AI bá mi kọ ọ́, mo ní obìnrin ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni mí. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ iṣẹ́, mo fi ránṣẹ́, mi ò kà á. Àṣé ó ti bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ mi tó máa ń tọ́jú oúnjẹ dè mí, àti àwọn ọmọ wa tó fara da àìsínílé mi. Bí gbogbo ayé ṣe ń rò náà lòun náà rò.

Supervisor mi, màmá àgbà kan tí kì í yin èèyàn bọ̀rọ̀, ló kà á. Ó pè mí, ohùn ẹ̀ rọ̀, ó ní, "Mú ọkọ ẹ wá lọ́jọ́ defence. Mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀." Kí ni mo sọ? Mo ní á wá, ma! Látìgbà náà ló ti ń béèrè wọn. Mo ti ní àwọn ọmọ wà ní Alápòtì lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi, mo ti ní ara àbíkẹ́yìn ò yá, supervisor mi sì gbàdúrà fún un... Tí mo bá ní kò sí ọkọ, á béèrè ta ló kọ ọ́. Ta ló máa wá gbà pé èmi ni mo kọ ìyókù? Ọdún méjì tí mo fi ṣe é ńkọ́?

Defence ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ṣí ojú ìwé yẹn láti yọ wọ́n. Ohun tó ń tì mí lójú jù nìyí: mi ò lè yọ wọ́n. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, kí n tó gbé omi kaná, mo máa ń kà á. Kò sẹ́ni tó tọ́jú oúnjẹ dè mí rí látọjọ́ tí màámi ti kú.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n jẹ́wọ́ fún màmá yìí, kí ohun tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀? Àbí kí n ní ọkọ mi rìnrìn àjò? Tí mo bá sì yọ wọ́n, Ọlọ́run àti supervisor nìkan ló kù níbẹ̀... ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ síbẹ̀?